Ìwọ̀n Ara Ẹni: Àwọn Ìṣe Kékeré Tí Í Mú Ọkàn Balẹ̀

Nínú gbogbo àdúrà tí àwa ènìyàn wa máa ń gbà fún ara wa, ìbáà ṣe níbi ìsọmọlórúkọ, ìbáà ṣe níbi ìwúyè, ìbáà ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, kò sí èyí tí ó wọ́pọ̀ ju àdúrà ayọ̀ àti ti àlàáfíà lọ. Gbogbo wa ni à ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn ilé tí ó wà ní ìgboro fínnífínní, ó dà bí ẹni pé àdúrà náà kò tí ì gbà níbi púpọ̀. A rí ọkùnrin tí ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò lè sùn di òwúrọ̀. A rí ìyá ọlọ́jà tí àpótí rẹ̀ kún fún aṣọ, tí ọkàn rẹ̀ sì kún fún ìbẹ̀rù ẹni tí ó jẹ lówó. A rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí owó oṣù rẹ̀ ti tán kí ó tó gbà á. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé Ọlọ́run kò ṣe oore fún wọn. Ohun tí ó kù fún wọn ni àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ní oṣù yìí.

Ohun tí àwa ń wí ni pé ìtẹ́lọ́rùn kì í ṣe ẹ̀bùn tí í já bọ́ láti ojú ọ̀run sórí àwọn ènìyàn díẹ̀, kì í sì í ṣe èrè tí à ń gbà lẹ́yìn tí a bá ti di olówó. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwọn ìṣe kékeré tí à ń ṣe lójoojúmọ́ ni a fi ń kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀lé ti ń mọ ògiri ní ipele-ipele. Àwọn baba wa mọ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Kò sì sí èyí tí ó ṣòro nínú wọn bí a bá pinnu láti mú un ṣe.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó tọ́ kí a dá àwọn kan lóhùn. Wọ́n ń wí pé ìtẹ́lọ́rùn ni ó ń fa ìran sẹ́yìn, pé ẹni tí ohun tí ó ní bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn kò ní gbìyànjú mọ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ní ìtẹ́lọ́rùn a máa jí lọ sí oko ní ìdájí bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò ní ṣe ni pé kí ó fi ebè tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa ka ebè olóko kejì. Ọ̀lẹ ni ẹni tí ó kọ iṣẹ́. Olójúkòkòrò ni ẹni tí èrè iṣẹ́ rẹ̀ kò lè tó o láéláé. Ẹni tí ó ní ìtẹ́lọ́rùn ni ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, tí ó sì lè jókòó jẹ nínú rẹ̀ láìwo àwo ẹlòmíràn. Ìran tí ó bá fẹ́ ga nílò irú ẹni kẹta yìí púpọ̀, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò lè ráyè ro ire sí ìlú.

Ìṣe kìíní ni kí ènìyàn mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó ẹni bá sì ti mọ ni oògùn ẹni ń mọ. Gbogbo wa ni a mọ òwe wọ̀nyí, ṣùgbọ́n nígbà tí ìnáwó bá dé, pàápàá ìnáwó òkú àgbà, a ń ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́ wọn rí. Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ gbé àwọn baba wa dé. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò ní owó tí yóò fi sin òkú òbí rẹ̀ a máa lọ yá a, a sì máa fi ara rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kò dín gbèsè náà kù rárá. Èlé nìkan ni ó dúró fún. Ọdún lè gorí ọdún kí owó tí a yá ṣì wà digbí bí ó ti wà ní ọjọ́ kìíní. Báyìí ni ẹlòmíràn lè fi ọjọ́ méje sin òkú baba rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sin olówó.

Onígbèsè tí kò bá sì san, ìlú ní ọ̀nà láti fi gbà á. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì mú jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a kà nípa bí a ti ń rán ènìyàn lọ dógò ti onígbèsè. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wọ agbo ilé, yóò jókòó pa, yóò máa yọ àwọn ará ilé lẹ́nu, yóò sì máa mú adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀, láìbéèrè ẹni tí ó ni ín, títí a ó fi wá owó náà jáde. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ẹnìkan ni ó jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n gbogbo agbo ilé ni kò rí oorun sùn.

Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìlú kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ dógò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Lónìí, a ń lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí lọ́wọ́ báǹkì, kí a lè fi ṣe àríyá ọjọ́ kan. Àwọn mìíràn ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù, nínú èyí tí a ti rí àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀ onígbèsè bí ọjọ́ bá ti yẹ̀. Kí ni èyí bí kì í bá ṣe ògò tí ó ti kúrò ní ẹnu ọ̀nà bọ́ sínú àpò ẹni? Àwọn kan sì ń ta ilẹ̀ tí baba fi sílẹ̀ kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ṣe ẹ̀yẹ fún baba náà. Màlúù wó lulẹ̀, ìlù dún, aṣọ ẹbí kún ojúde, a lẹ owó mọ́ iwájú onílù. Nígbà tí ó di oṣù kejì, opó ń wá owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kiri. Èyí ni ó ń dùn wá jù. A kò lè pe ohun tí ó lé ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀wọ̀ fún baba ọmọ náà.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti dá sí ọ̀kan nínú àwọn ìṣe wọ̀nyí. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fọ́n owó náírà lóde àríyá tàbí láti máa jó lórí rẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò sì dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú ilé lọ bá ènìyàn ṣírò owó rẹ̀. Ẹni náà ni yóò ṣe é fúnra rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì rọrùn. Kí ẹni tí ó fẹ́ náwó jókòó pẹ̀lú aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà. Kí ó kọ iye owó tí ó wà lọ́wọ́ sílẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ yọ owó oúnjẹ, owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó ìtọ́jú ara oṣù mẹ́ta kúrò. Kí ó sì fi èyí tí ó bá kù ṣe àlejò. Bí èyí tí ó kù kò bá ju ìkòkò oúnjẹ kan àti agbè ẹmu kan lọ, kí ó pe iye ènìyàn tí yóò jẹ ẹ́ yó. Kí ó má ṣe yá owó nítorí ayẹyẹ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ó yẹ kí a wò kí a tó sin òkú.

Ìṣe kejì ni fífi nǹkan pamọ́ díẹ̀díẹ̀, kí a sì ṣe é pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ìwé Johnson kan náà ṣàlàyé èsúsú, tí í ṣe àṣà tí ó kárí ilẹ̀ wa ní ìgbà ayé rẹ̀. Àwọn ènìyàn yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò ní olórí, olúkúlùkù yóò máa dá iye kan náà ní àkókò kan náà, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì máa kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn 12 bá ń dá ₦20,000 lóṣooṣù, ₦240,000 ni ẹni tí ó bá kàn yóò kó. Kò sí èlé níbẹ̀, kò sì sí àfikún. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ẹnìkan kì bá tí lè kó jọ lẹ́ẹ̀kan ti wọlé ní odindi, ó sì lè fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí kí ó fi bo orí ilé rẹ̀ tí ń jò.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ẹrú gbé kọjá òkun mú àṣà yìí lọ́wọ́ lọ. Títí di òní ni àwọn ará Trinidad ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní susu, tí àwọn ará Bahamas sì ń pè é ní asue. Ẹ rò ó wò: a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, a gba orúkọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí èsúsú bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Yàtọ̀ sí owó, èsúsú ń kọ́ni ní sùúrù, nítorí ẹni tí yóò kó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ dúró. Ó ń kọ́ni ní òtítọ́, nítorí ẹni tí ó kó ṣáájú gbọ́dọ̀ máa dá títí dé òpin. Ó sì ń fi han ènìyàn pé òun kò dá wà, pé àwọn mọ́kànlá mìíràn wà tí wọ́n mọ̀ bí ó bá ṣàìsàn ní ọjọ́ ìdáwó. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń fúnni ju iye owó náà lọ.

Èyí ni ó mú wa dé ìṣe kẹta, tí í ṣe kíkí ara ẹni àti bíbá ara ẹni jókòó. Èdè wa ní ìkíni fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ipò tí ènìyàn lè wà. A ń kí ẹni tí ó jókòó, a ń kí ẹni tí ó dúró, a ń kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́, a ń kí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, a sì ń kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pé ó kú ewu. Lẹ́yìn ìkíni, a ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, a ó béèrè àlàáfíà ara. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń wí pé èyí ń fi àkókò ṣòfò. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìkíni ni ìlú fi ń mọ ẹni tí ó ń ṣàìsàn, ẹni tí ebi ń pa àti ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá, kí ọ̀ràn náà tó di ńlá.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀. Ní 1938, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa ìgbésí ayé àwọn ọkùnrin 268 tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa àwọn ọmọkùnrin 456 láti àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Boston, a sì pa ìwádìí méjèèjì pọ̀ nígbà tí ó yá. Wọ́n ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ń yẹ ara wọn wò, láti ìgbà èwe wọn títí di ogbó. Ohun tí ó hàn gbangba ni pé kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe òkìkí, ni ó mú kí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí gbó pẹ̀lú ayọ̀ àti ara líle, bí kò ṣe ìbárẹ́ rere pẹ̀lú aya, ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò. Àwọn tí ìbárẹ́ wọn tẹ́ wọn lọ́rùn jùlọ ní ẹni 50 ọdún ni ara wọn le jùlọ nígbà tí wọ́n pé 80. A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá bí ẹni pé ohun tí òyìnbó bá fi ọwọ́ sí nìkan ni òtítọ́. A mú un wá nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan tí wọ́n ti ń fi ojú àìlajú wo àgbàlá baba wọn.

Nítorí náà, a ń dámọ̀ràn pé kí olórí ilé pa fóònù tì fún wákàtí kan ní alẹ́, kí gbogbo ilé jẹun pọ̀, kí ọmọdé pa àlọ́ kí àgbà sì sọ ìtàn orílẹ̀ wọn. Kí ẹni tí ó bá ń bínú sí ọmọ ìyá rẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ìṣe kẹrin kan ara, nítorí ìlera loògùn ọrọ̀. Àwọn baba wa fi ẹsẹ̀ lọ sí oko, wọ́n fi ẹsẹ̀ lọ sí ọjà, wọ́n sì sùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ní ti àwa tí a wà ní ìgboro, ọkọ̀ ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, a ń jẹun ní òru lẹ́yìn ìpàdé, a sì ń ṣe kàyéfì pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé bá wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti 2020, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí yóò mú ara gbóná níwọ̀nba. Ìṣẹ́jú 150 kò ju kí ènìyàn rin ìrìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún lọ. Àjọ náà sì ní kí iyọ̀ tí ènìyàn ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí ìpotíì kékeré kan. Olóyè tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò rẹ̀ ká ní òwúrọ̀ yóò ṣe ara rẹ̀ lóore, yóò kí àwọn ènìyàn rẹ̀, yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí omi ti ya ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti di ẹrù wúwo lórí ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tí kò rí jẹ kò nílò ìwàásù ìtẹ́lọ́rùn. Oúnjẹ àti iṣẹ́ ni ó nílò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ wa yìí pa ẹni tí ìyà ń jẹ lẹ́nu mọ́, kí ó sì má ṣe fi dá àwọn aláṣẹ láre. Àwa tí a rí jẹ tí a sì rí ṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, nítorí ohun tí ẹni ńlá bá ṣe lóde ni ẹni kékeré yóò rò pé ó di dandan fún òun náà.

Ìdí nìyí tí a fi ń pe ẹ̀yin olóyè wa. Kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn nìkan ni ó ń mú ènìyàn yá owó sin òkú, ìtìjú ni. Ó ń bẹ̀rù pé ìlú yóò máa wí pé ó sin baba rẹ̀ bí ẹni tí kò bímọ. Ìlú ni ó dá ìtìjú náà sílẹ̀, ìlú nìkan ni ó sì lè mú un kúrò, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn olóyè àti àwọn baálé jọ fi ẹnu kò pé a kò ní béèrè màlúù tàbí ọtí lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ju ohun tí ó bá fi tinútinú gbé wá lọ. Ẹ jẹ́ kí aṣọ ẹbí di ohun tí ẹni tí ó bá wù ú ń rà, kí a má sì yọ ẹni tí kò rà á sẹ́yìn níbi oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ ìdajì owó tí ì bá fi ra aṣọ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olóògbé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ láti ààfin àti láti ilé àwọn olówó. Bí olóyè ńlá bá sin ìyá rẹ̀ ní ìwọ̀nba, ta ni yóò bú tálákà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un ṣe nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹlòmíràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí olúkúlùkù wa mú ọ̀kan nínú ìṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí: kí ó ka owó rẹ̀ kí ó tó pe àlejò, kí ó wọ ẹgbẹ́ èsúsú kan, kí ó lọ kí ẹni tí kò tí ì rí láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́. Èyí tí ó bá mọ́ ọn lára ni kí ó fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Kí Elédùmarè fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí ilé gbogbo wa. Àṣẹ.